Ta Ni Yóò Bá Awakọ̀ Dúró ní Kóòtù?

Ohun méjì ló wà nínú ìwé adójútòfò tí awakọ̀ ń rà ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí. Èkíní ni owó: bí awakọ̀ bá fi ọkọ̀ ṣe ẹlòmíràn léṣe, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san gbèsè tó bá tinú rẹ̀ yọ, títí dé iye tí ìwé náà fi ṣe gbèǹdéke. Èkejì ni ìgbèjà: bí ẹni tó fara pa bá pe awakọ̀ lẹ́jọ́, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò gba lọ́yà, òun ni yóò wá ẹlẹ́rìí àti dókítà, òun ni yóò sì ro ẹjọ́ náà dé òpin. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá wá kọ lẹ́tà pé ìjàm̀bá yìí kò sí lára ẹrù tí àwọn gbà láti rù, ojú owó ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ ìgbèjà ló kọ́kọ́ ń lọ. Owó ìdájọ́ lè gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó di sísan, ṣùgbọ́n ìwé ìpè kóòtù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní California, 30 ọjọ́ ni olùjẹ́jọ́ ní láti fèsì. Ní New York, 20 ọjọ́ péré ni bí wọ́n bá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ nínú ìpínlẹ̀ ọ̀hún. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fèsì, kóòtù lè dá ẹjọ́ fún olùpẹjọ́ láìgbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹni tó ti ń san owó adójútòfò lóṣooṣù yóò wá rí i pé òun nìkan ló kù láàárín agbo, láìní lọ́yà, láìní owó tí yóò fi gba ọ̀kan. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn kóòtù Amẹ́ríkà ti ń gbé ewu irú kíkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí awakọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń gbé e ka ẹni tó kọ̀ lórí. Mo gbà pé ibi tó yẹ ni wọ́n gbé e sí, ìtàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ìgbèjà kò bẹ̀rẹ̀ bí àǹfààní fún oníbàárà rárá. Ní 1880, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa ta ààbò fún àwọn ọ̀gá, nígbà tó sì fi máa di 1886, òwò náà ti kọjá òkun dé Amẹ́ríkà. Ìwé ìgbà náà le koko. Ohun tí ọ̀gá bá ti fi owó ara rẹ̀ san tán nìkan ni ilé-iṣẹ́ ń dá padà fún un. Ẹni tí kò bá lówó láti kọ́kọ́ san, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dá padà fún un. Nítorí pé owó ilé-iṣẹ́ ló wà ní ìparí ẹjọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni yóò máa darí ẹjọ́ náà: oníbàárà kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀bi, kò gbọdọ̀ bá olùpẹjọ́ parí ọ̀rọ̀ sílé, kò gbọdọ̀ yan lọ́yà tó wù ú. Àṣẹ ni wọ́n gbà sọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, tí ilé-iṣẹ́ Travelers ti ìlú Hartford sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta adójútòfò fún àwọn tó ní in ní òpin àwọn ọdún 1890, irú ìwé tí wọ́n ti ń kọ fún ẹni tó ń da ẹṣin lójú títì ni wọ́n tún ṣe fún awakọ̀. Àṣẹ láti darí ẹjọ́ sì bá wọn wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tó dè é lọ́wọ́, tó dè é lẹ́nu, kò lè wá sọ lọ́jọ́ tí iná bá jó dé orí òrùlé pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun mọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York rí i bẹ́ẹ̀ ní 1914, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Brassil. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ láti parí ọ̀rọ̀ nígbà tí owó rẹ̀ ṣì kéré. Nígbà tí ìdájọ́ ju gbèǹdéke lọ, ó san ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì kọ̀ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Oníbàárà fi owó ara rẹ̀ pè é, ó sì borí. Kóòtù ní kí ilé-iṣẹ́ dá owó tó ná padà fún un. Kò sí ìlà kan pàtó nínú ìwé tó pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ rọ̀ mọ́ ni pé ìwà òtítọ́ wà lábẹ́ gbogbo àdéhùn, yálà wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí wọn kò kọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní 1917, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé bí oníbàárà bá wọ gbèsè tí kò lè san, ilé-iṣẹ́ kò lè torí ìyẹn bọ́. Ẹni tó fara pa lè lọ bá a tààrà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ kan gbé òfin yìí dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington, ó pàdánù níbẹ̀ ní 1925. Nígbà tí Massachusetts wá di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ adójútòfò di dandan fún ọlọ́kọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti January 1927, ìwé náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì. Ará ìlú tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì ti ní ìpín nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ẹjọ́ kan jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbèjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìdáhùn tó rọrùn: àwọn yóò wádìí, bí ìwádìí bá fi hàn pé ìwé kò bo ọ̀rọ̀ náà, àwọn kò ní yọjú. Learned Hand, adájọ́ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní New York, ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ amòfin Amẹ́ríkà ṣì gbà pé ó yẹ kó dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ àmọ́ tí kò dé ibẹ̀, ló fèsì sí i ní 1949. Ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀, ìjàm̀bá lífítì ni, àmọ́ ìlérí inú ìwé kan náà ni. Ó ní ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n ni ìwé ẹ̀sùn olùpẹjọ́. Bí ẹ̀sùn náà bá lè já sí ohun tí ìwé bò, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbèjà títí yóò fi hàn pé kò lè já sí i mọ́. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere lójú mi: ẹ̀sùn ọ̀hún lè jẹ́ irọ́ pátápátá, ẹ̀sùn irọ́ gan-an sì ni ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá alágbèjà. Ní 1966, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California, láti ọwọ́ Adájọ́ Mathew Tobriner, tún sún un síwájú nínú ẹjọ́ Gray. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lójú títì láàárín awakọ̀ méjì ló bí i. Ìwé ẹ̀sùn ní olùjẹ́jọ́ mọ̀ọ́mọ̀ lu ẹnì kejì ni, ilé-iṣẹ́ sì yára sọ pé àwọn kì í bo ohun tí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Olùjẹ́jọ́ ń pariwo pé ara òun lòun ń gbà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Kóòtù ní bí ó bá ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sábẹ́ ìwé, ìgbèjà ti di gbèsè. Kì í ṣe lọ́yà olùpẹjọ́, tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ kọ ẹ̀sùn, ni yóò yan bóyá olùjẹ́jọ́ yóò ní alágbèjà.

Ẹjọ́ tó wà ní àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ìyẹn, 1958 ni wọ́n dá a, ní California náà. Comunale ni wọ́n ń pè é. Tọkọtaya kan ń kọjá níbi tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí fún ẹlẹ́sẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù gbá wọn. Ọkọ fara pa gan-an, ìyàwó fara pa díẹ̀. Awakọ̀ náà ní ìwé adójútòfò tó lè san 10,000 dọ́là fún ẹnì kan, 20,000 dọ́là fún ìjàm̀bá kan. Ó fi ọ̀rọ̀ tó ilé-iṣẹ́ létí, wọ́n sì fún un lésì pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wà, nítorí náà ìwé kò bò ó. Nígbà tí ẹjọ́ dé, wọn kò yọjú. Ó gba lọ́yà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìgbẹ́jọ́, tọkọtaya náà gbà láti parí gbogbo ọ̀rọ̀ ní 4,000 dọ́là. Awakọ̀ sáré ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ pé òun kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ìdájọ́ ju gbèǹdéke ìwé lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá gba ẹjọ́ náà kí wọ́n sì parí rẹ̀. Wọ́n tún kọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí ó san 25,000 dọ́là fún ọkọ, 1,250 fún ìyàwó. Kò rí i san. Tọkọtaya náà wá pe ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n gba 10,000 tí ìwé fi ṣe gbèǹdéke fún ọkọ, àti 1,250 ti ìyàwó. Ó ku 15,000. Awakọ̀ gbé ẹ̀tọ́ tó ní lórí ilé-iṣẹ́ náà lé ọkọ ọ̀hún lọ́wọ́, òun náà sì fi padà sí kóòtù láti gba ìyókù.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ sọ nígbà náà ni mo fẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ dáadáa, nítorí pé títí dòní ni wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá tilẹ̀ ṣì í nígbà tí àwọn kọ̀ láti gbèjà, owó lọ́yà nìkan ni àṣìṣe náà ná oníbàárà. Ó rí lọ́yà tó mọṣẹ́ gbà, ẹjọ́ náà sì lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Kí ló tún kù? Ní ti kíkọ̀ láti parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ń darí ẹjọ́ nìkan ni irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ kàn. Kóòtù, láti ẹnu Olórí Àwọn Adájọ́ Phil Gibson, tú àlàyé yìí palẹ̀. Bí a bá gbà á, ilé-iṣẹ́ tó sá kúrò pátápátá yóò rọ́wọ́ mú ju èyí tó dúró, tó gbèjà, àmọ́ tó kọ̀ láti parí ọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ. Ẹni tó ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ yóò san gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò ṣe rárá yóò san díẹ̀. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé ìwé òun kò bo ọ̀rọ̀ kan, ewu ara rẹ̀ ló ń fà. Bí ó bá tọ̀nà, kò jẹ gbèsè kankan. Bí ó bá ṣì í, gbogbo ohun tí àṣìṣe náà fà ni yóò san, ì báà ju gbèǹdéke lọ. Wọ́n gba 15,000 náà. Kóòtù kò bi ilé-iṣẹ́ léèrè bóyá ó fi ọkàn kan ṣe àṣìṣe náà tàbí ó fi àrékérekè ṣe é, mo sì gbà pé ohun tó dára jù nínú ìdájọ́ náà nìyẹn, nítorí pé láti ibi tí awakọ̀ dúró sí, àṣìṣe olóòótọ́ àti ti ọ̀dàlẹ̀ máa ń tú ilé ní bákan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ tako èyí ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Adójútòfò kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ohun tí a tà nìkan ni a jẹ ẹni tó rà á. Bí kóòtù bá ń fi agbára mú ilé-iṣẹ́ san owó ìjàm̀bá tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lé lórí, gbogbo awakọ̀ tó kù ni yóò san án nínú owó oṣooṣù wọn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, oníbàárà míràn ti purọ́ nígbà tó ń ra ìwé, òmíràn kò san owó rẹ̀ pé, òmíràn sì fi ọkọ̀ ṣe ohun tí ìwé kọ̀ kanlẹ̀. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ àríwísí yìí ń ṣe bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí ilé-iṣẹ́ gba gbogbo ẹrù tàbí kí ó jù ú sílẹ̀. Ọ̀nà kẹta àti ìkẹrin wà, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè gbèjà oníbàárà kí ó sì kọ ọ́ sí i létí pé òun kò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ òun, pé bí ó bá hàn lẹ́yìn ẹjọ́ pé ìwé kò bo ọ̀rọ̀ náà, òun kò ní san ìdájọ́. Ó sì lè lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀ kí adájọ́ sọ ẹ̀tọ́ oníkálukú kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ṣí ọ̀nà ìkẹyìn yìí jáde ní 1934, nígbà tó sì di 1941, nínú ẹjọ́ tí ìkọlura ọkọ̀ akẹ́rù bí, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè pe oníbàárà àti ẹni tó fara pa pọ̀ sínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ti ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ilé-iṣẹ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ka ìwé ara rẹ̀, tó sì dájọ́ pé òun kò jẹ gbèsè, ẹjọ́ ẹnì kan náà ló gbọ́, ti ara rẹ̀ sì ni.

Mo gbà pé ọ̀nà kẹta ní ẹ̀gún tirẹ̀. Lọ́yà tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún lè wá rí i nínú ẹjọ́ pé bí òun bá darí ẹ̀rí gba ìhà kan, ilé-iṣẹ́ yóò bọ́, oníbàárà yóò kó sí i. Ta ni yóò wá ṣojú fún? Kóòtù California kan dáhùn ní 1984, nínú ẹjọ́ tó fún irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ lórúkọ títí dòní, Cumis, pé oníbàárà yóò yan lọ́yà tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò sì san owó rẹ̀. Ní 1987, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì fi ìwọ̀n sí iye tí irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ lè gbà.

Àríwísí tó le jù ni ti àdéhùn ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti fi awakọ̀ sílẹ̀, kí ni yóò dá a dúró láti bá olùpẹjọ́ mulẹ̀? Yóò ní òun kò ní jiyàn, kí wọ́n kọ iye tó wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má fọwọ́ kan ilé òun; òun yóò sì gbé ẹ̀tọ́ òun lórí ilé-iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Irú àdéhùn yìí ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Arizona gbé yẹ̀ wò ní 1969, nínú ẹjọ́ Damron, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti kọ̀ láti gbèjà, tí ti Minnesota náà sì tún gbé yẹ̀ wò ní 1982, nínú Miller àti Shugart, tí wọ́n ti fẹnu kò sí 100,000 dọ́là tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò nìkan. Kóòtù méjèèjì kọ̀ láti pè é ní jìbìtì kìkì nítorí pé wọ́n fẹnu kò. Ẹni tí wọ́n ti tì jáde kò gbọ́dọ̀ jẹ̀bi pé ó wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n Minnesota fi ìjánu sí i: olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye náà bọ́gbọ́n mu, pé ohun tí olóye èèyàn yóò gbà nìyẹn bí owó ara rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ìjánu yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ewu ìrẹ́jẹ wà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, ó sì lè tì í padà nígbàkigbà nípa wíwá gbèjà.

Àwọn ìpínlẹ̀ kò dúró sójú kan náà. Illinois ló le jù: ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀ ní ọ̀nà àìtọ́, tí kò gbèjà, tí kò sì lọ sí kóòtù láti béèrè, pàdánù gbogbo àwíjàre inú ìwé náà, àní èyí tí ì bá borí. Ó dàbí ẹni pé wọ́n ń fi ìyà jẹ wọ́n ju ohun tí wọ́n bàjẹ́ lọ, n kò sì lè sọ pé ọkàn mi balẹ̀ pátápátá sí i, nítorí pé ó lè fún oníbàárà ní ohun tí kò rà rí. New York lọ, ó bọ̀. Láti 1958 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ̀, níbi tí ènìyàn ti kú tàbí fara pa, tètè sọ ọ́. Bí ó bá jáfara, ẹnu rẹ̀ ti di. Ní June 2013, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dé ibi tí Illinois wà. Kò tíì pé ọdún kan, ní February 2014, ó yí ìdájọ́ ara rẹ̀ padà, ó ní ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ láti gbèjà ṣì lè jà lórí bóyá ìwé bo gbèsè náà. Àmọ́ kò dá ohun kan padà: ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ kò lè bọ̀ wá jiyàn nígbà tó yá pé oníbàárà kò jẹ̀bi tàbí pé owó ìdájọ́ pọ̀ jù. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì níbẹ̀ mọ èyí, nítorí pé òfin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá nílé gba ọ̀nà mìíràn. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1930 àti 1934, tí òfin adójútòfò ọkọ̀ ti Nàìjíríà ní 1945 tẹ̀ lé, ẹni tó fara pa ló dojú kọ: bí ó bá gba ìdájọ́, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san án fún un. Ẹni tó fara pa rí ààbò nínú rẹ̀. Ìbéèrè ta ni yóò dúró ti awakọ̀ nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, àwọn kóòtù Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di pàtàkì.

Ibi tí wọ́n bá a dé hàn ní Nevada. Ní January 2009, ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kiri fọ ọkọ̀ fún àwọn oníbàárà gbá ẹnì kan ní ojú títì, ọpọlọ ẹni náà sì bàjẹ́ gan-an. Ìwé adójútòfò òwò rẹ̀ ní gbèǹdéke mílíọ̀nù kan dọ́là. Ilé-iṣẹ́ tó ta ìwé náà fún un wádìí, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́jọ́ náà, àti pé àwọn kò ní gbèjà. Ìwé ẹ̀sùn ní iṣẹ́ ló wà. Wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé ọjọ́ ìfèsì ti ń kọjá, kò yọjú. Ìdájọ́ bọ́ láìsí ẹni tó jiyàn rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù 18 dọ́là lọ. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e rí i pé ilé-iṣẹ́ kò hùwà àrékérekè, àmọ́ pé ó yẹ kó gbèjà, kò sì ṣe é. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà bóyá gbèǹdéke mílíọ̀nù kan ṣì lè bo ilé-iṣẹ́ tí kò fi ibi ṣe é. Ní December 2018, wọ́n dá a lóhùn: rárá. Gbèǹdéke wà fún ìlérí láti san owó. Wọn kò fi gbèǹdéke kankan sí ìlérí láti gbèjà.